Sítíárìn òsì ní Lọ́ńdọ̀nù: ohun tí òfin béèrè àti ohun tí kò béèrè

Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, àbúrò mi kan tó ti ń gbé ní Houston tipẹ́ pè mí. Ó ní iṣẹ́ ń gbé òun àti ìyàwó òun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn sì fẹ́ gbé ọkọ̀ àwọn dání. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ olówó ńlá, ó sì ti lé ní ọdún 10. Ìgbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn ni wọ́n rà á, ọkàn wọn kò sì gbà kí wọ́n tà á. Ọ̀rọ̀ owó ló gbé e débi tó fi pè mí. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "wọ́n ní kò sí bí mo ṣe lè wà á lọ́hùn-ún àfi kí n kọ́kọ́ yí sítíárìn rẹ̀ sí ọ̀tún. Wọ́n ti bá mi rí ẹni tí yóò ṣe é. Ó ní kí n san ìlàjì owó sílẹ̀." Mo bi í pé àwọn wo ni "wọ́n". Ó ní ará ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ará ibi iṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹbí náà sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè sọ ibi tí òun ti kà á.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó kàwé gan-an, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sí ojú rẹ̀ níbí. Òfin ilẹ̀ Britain kò béèrè pé kí sítíárìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lọ́tùn-ún. Ẹ lè gba nọ́ńbà fún ọkọ̀ sítíárìn òsì níbẹ̀, kí ẹ san owó orí rẹ̀, kí ẹ ra ìnṣọ́ránsì fún un, kí ẹ sì máa wà á títí yóò fi gbó mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun tí òfin pa láṣẹ ni pé kí ẹ máa rìn ní apá òsì títì. Apá ibi tí ọkọ̀ ń gbà lójú ọ̀nà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, apá ibi tí awakọ̀ jókòó sí nínú ọkọ̀ jẹ́ òmíràn. A ti da àwọn méjèèjì pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ̀ mọ́ pé a dà wọ́n pọ̀.

Ẹ wo ilẹ̀ Sweden. Títí di ọjọ́ 3 Oṣù Kẹsàn-án 1967, apá òsì ni wọ́n ń rìn lójú títì níbẹ̀. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wọn, títí kan Volvo tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn, sítíárìn òsì ló ní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà á bẹ́ẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn o: awakọ̀ tó jókòó sí ìhà koríko kì í rí iwájú dáadáa nígbà tó bá fẹ́ yọ kọjá ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn sì wà lára ìdí tí ìjọba fi yí ìrìn sí ọ̀tún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí wọ́n dìbò lórí rẹ̀ ní 1955, ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò tó kọ̀ ọ́. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n yí padà. Ọ̀nà ni wọ́n yí. Wọ́n fi sítíárìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn sílẹ̀ síbi tó wà.

Ní àwọn erékùṣù Virgin tí Amẹ́ríkà rà lọ́wọ́ Denmark ní 1917, apá òsì ni wọ́n ń rìn títí di òní olónìí, ọkọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wá ni wọ́n sì ń wà, tòun ti sítíárìn òsì rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló wà ní Vladivostok, ìlú èbúté Rọ́ṣíà tó kọjú sí Japan: ọ̀tún ni wọ́n ń rìn, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ Japan tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún ló kún títì wọn. Lancia ti ilẹ̀ Ítálì ń ṣe ọkọ̀ sítíárìn ọ̀tún fún àwọn oníbàárà rẹ̀ títí wọ inú àwọn ọdún 1950, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí Ítálì ti ń rìn lọ́tùn-ún. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ ló ń sọ ibi tí awakọ̀ yóò jókòó. Ọkọ̀ kékeré tí Grumman ṣe fún ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà láti 1987 sí 1994, sítíárìn ọ̀tún ló ní, kí ọwọ́ akólẹ́tà lè tó àpótí tó wà létí ọ̀nà. Ní Britain fúnra rẹ̀, ẹ ó rí ọkọ̀ agbálẹ̀ títì tí sítíárìn rẹ̀ wà lósì, kí ẹni tó ń wà á lè máa wo etí títì tó ń gbá.

Níbo wá ni àwa ti rí àṣìṣe yìí? Ní tèmi, láti ilé la ti gbé e lọ.

Apá òsì ni Nàìjíríà ń rìn títí di ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin 1972, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ọdún náà, lábẹ́ ìjọba ọ̀gágun Gowon. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ wa. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ tó bá wa pààlà ló ń rìn lọ́tùn-ún, nítorí pé Faransé ló ṣàkóso wọn. Gúúsù Cameroon tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti yí padà ní 1961. Àwọn tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdírókò nígbà náà mọ ohun tí èyí jẹ́ lára wọn. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Nàìjíríà tó wọ Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Benin kí ó tó di 1975, awakọ̀ ní láti fò láti ìhà kan títì sí ìkejì, kí ó sì máa rántí bẹ́ẹ̀ títí yóò fi padà. Ọmọ Yorùbá kan náà ló wà ní ìhà méjèèjì, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ ní ọjà, ṣùgbọ́n ìhà tí wọ́n ń rìn lójú títì kò bára mu. Gambia ti yí tirẹ̀ padà ní 1965, Sierra Leone tẹ̀ lé e ní 1971, àwa ní 1972, Ghana ní 1974.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àjíǹde yẹn, ọ̀nà yí padà, ọkọ̀ kò yí padà. Morris tó wà lójú títì lánàá ló wà níbẹ̀ lónìí, tòun ti Austin, Peugeot àti Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, sítíárìn wọn sì wà lọ́tùn-ún gedegbe bó ṣe wà. Kò sí mẹkáníìkì tó lè yí gbogbo wọn padà láàárín òru ọjọ́ kan. Awakọ̀ kàn kọ́ bí a ṣe ń wà wọ́n ní ìhà tuntun ni, wọ́n sì ń wà wọ́n bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, a ti gbé irú ayé tí àbúrò mi ń bẹ̀rù yìí rí: sítíárìn wà ní ìhà kan, ọ̀nà wà ní ìhà kejì, àwọn bàbá wa sì ń lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, sítíárìn òsì ni wọ́n sì ń tò. Ọkọ̀ sítíárìn ọ̀tún ń gbó lọ díẹ̀díẹ̀. Òfin ìrìnnà wa kò gba irú rẹ̀ láàyè mọ́. Ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà kò rí nǹkan mìíràn: ọ̀tún là ń rìn, òsì ni sítíárìn wà, ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ yóò bá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kó tòkunbọ̀ láti Britain tàbí Japan wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò yí i. Kí wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò rò nígbà tó bá dé Lọ́ńdọ̀nù? Yóò yí òfin ilé sódì bí ẹni yí aṣọ sódì, yóò sì rò pé òfin ibẹ̀ nìyẹn. Kò purọ́, kò sì ya òmùgọ̀. Ohun tó mọ̀ ló fi díwọ̀n ohun tí kò mọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí òfin tiwa fi ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bú u. Bọ́ọ̀sì ni ẹ ó kọ́kọ́ rò. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún títì Britain, òsì ni ilẹ̀kùn èrò rẹ̀ wà, nítorí òsì ni etí títì wà níbẹ̀. Gbé e wá sí Èkó láìyí i, èrò tó bá sọ̀ kalẹ̀ yóò sọ̀ sí àárín ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé níbikíbi tí wọ́n ti yí ìhà ìrìn padà, bọ́ọ̀sì ló máa ń kó wọn sí wàhálà jù. Ní Okinawa, níbi tí wọ́n ti padà sí òsì ní ọjọ́ 30 Oṣù Keje 1978, bọ́ọ̀sì tuntun ni wọ́n rà. Ní Samoa, tó kúrò lọ́tùn-ún bọ́ sí òsì ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹsàn-án 2009 kí àwọn ará ìlú lè máa rí tòkunbọ̀ gbà ní ìrọ̀rùn láti Ọsirélíà àti New Zealand, ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ni àwọn ọlọ́kọ̀ bá ìjọba jà lé lórí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ní ìṣòro yẹn. Ilẹ̀kùn wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì.

Kí wá ni Britain béèrè gan-an? Ìmọ́lẹ̀ ni àkọ́kọ́, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Iná iwájú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ tí wọ́n ti ń rìn lọ́tùn-ún máa ń tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀tún nísàlẹ̀, síbi etí títì. Bí irú ọkọ̀ yẹn bá ń rìn lósì, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ni ìmọ́lẹ̀ náà ń lọ. Ó ń fọ́ni lójú lóru, ó sì lè pani. Àlejò tó kàn ń kọjá lè lẹ nǹkan mọ́ gíláàsì iná náà. Ẹni tó fẹ́ máa gbé ibẹ̀ kí ó pààrọ̀ iná náà sí èyí tó ń tàn sí òsì. Lẹ́yìn ọkọ̀, òfin fẹ́ iná kùrukùru pupa kan, ó kéré tán, lára ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹrin 1980, àárín tàbí ọ̀tún ni kí ó sì wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà kò ní in rárá. Ọ̀pọ̀ wọn tún ń fi iná pupa júwe ìyàlọ́nà lẹ́yìn. Ní Britain, àwọ̀ òféèfèé tó dà bí ọsàn ni kí iná ìyàlọ́nà jẹ́. Aago ìsáré gbọ́dọ̀ fi máìlì hàn. Níbí, ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá sàn ju èyí tó ti Jámánì wá lọ, nítorí máìlì ni Amẹ́ríkà náà ń lò.

Ìwé kò gba àlàyé púpọ̀. Láàárín ọjọ́ 14 tí ọkọ̀ bá dé, ẹ fi tó HMRC, àjọ tó ń gba owó orí àti owó ibodè ní Britain, létí. Ẹni tó ń kó bọ̀ wá gbé, tó ti gbé níta Britain fún oṣù 12 ó kéré tán, tó sì ti ní ọkọ̀ náà tó ti ń lò ó fún oṣù 6 ó kéré tán, lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gba owó ibodè àti VAT lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò bá ní tà á láàárín oṣù 12 tó tẹ̀ lé e. Èyí ṣe pàtàkì gidigidi, torí pé owó ibodè ọkọ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, VAT sì jẹ́ ìdá 20 lórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ kò bá tíì pé ọdún 10, ó máa ń ní láti la àyẹ̀wò ìfọwọ́sí kọjá kí ó tó gba nọ́ńbà lọ́dọ̀ àjọ DVLA; bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, àyẹ̀wò MOT, èyí tó ń wo bóyá ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà, ló kù. Nínú gbogbo èyí, kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé kí ẹ gbé sítíárìn kúrò.

Mi ò sọ pé òfin yìí kan gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń rìn lósì. Ẹni tó bá gbé àtúnṣe mi lọ sí Nairobi yóò jìyà: Kenya kò gba ọkọ̀ sítíárìn òsì wọlé àfi àwọn tó wà fún iṣẹ́ àkànṣe. Ọsirélíà náà le. Níbẹ̀, sítíárìn ọ̀tún ni òfin ọkọ̀ tuntun ń béèrè, ẹni tó bá sì gbé ọkọ̀ òde òní láti Amẹ́ríkà wá gbọ́dọ̀ yí i. Ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń fojú fò; ní New South Wales, èyí tó ti pé ọdún 30 lè máa rìn pẹ̀lú sítíárìn òsì rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìròyìn láti irú àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí náà wà lára ohun tó ń ru àṣìṣe yìí sókè ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n ẹnì kan ní Melbourne yí tirẹ̀, ó sọ fún àbúrò rẹ̀, àbúrò sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọsirélíà ló tún ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí àṣìṣe kejì tó so mọ́ ti àkọ́kọ́, èyí tó léwu jù ú lọ. Àwọn èèyàn rò pé yíyí ọkọ̀ kò ju kí a tú sítíárìn ní ìhà kan, kí a dè é mọ́ ìhà kejì. Wọ́n ṣe bí ẹni pé àga ni, tí a gbé láti igun kan yàrá sí òmíràn.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ wò ó. Ọ̀pá tó ti sítíárìn wá ń gba inú ògiri irin tó la ẹ́ńjìnnì àti àwọn tó jókòó láàárín, ó sì ń lọ bá ráàkì tó ń yí táyà. Ihò tó gbà kọjá, òsì nìkan ni wọ́n lù ú sí. Ní ìhà ọ̀tún, ó lè jẹ́ pé irin èéfín ẹ́ńjìnnì ló wà níbẹ̀, gbígbóná janjan, tàbí bátìrì. Ráàkì tó wà níbẹ̀ kò ṣeé dojú rẹ̀ kọ ibòmíràn. A ní láti wá òmíràn. Pẹ́dà bíréèkì ń tẹ sílíńdà tó wà ní ìhà kejì ògiri yẹn, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ kọjá sọ́tùn-ún, páìpù òróró bíréèkì yóò sì gba ọ̀nà tuntun. Wáípà yóò máa nu ìhà tí awakọ̀ kò sí mọ́. Dáṣíbọ́ọ̀dù yóò di tuntun látòkèdélẹ̀. Àpótí amúlétutù wà lẹ́yìn rẹ̀, wáyà tó nípọn bí apá ọmọdé sì wà lẹ́yìn ìyẹn. Àti báàgì afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde nígbà ìjàmbá: ti awakọ̀ wà nínú sítíárìn, ti èrò wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, ìgbà tí wọ́n ń bú kò dọ́gba, wọ́n sì ti fi ọkọ̀ kọlu ògiri léraléra nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó mọ ibi tó yẹ kí kálukú wọn wà. Ẹni tó bá pààrọ̀ wọn lábẹ́ igi kò kọlu ògiri kankan.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é dáadáa fi ń ṣe é bí ilé iṣẹ́ ńlá. Ní Melbourne, ilé iṣẹ́ Walkinshaw ni ó ń yí Ram 1500 fún Ọsirélíà láti 2018, ó ń yí Chevrolet Silverado, ó sì ti gba Toyota Tundra kún un. Láti 2023 ni ilé iṣẹ́ RMA náà ti ń yí Ford F-150 ní Mickleham, nítòsí ìlú kan náà. Wọ́n ń tú ọkọ̀ tuntun palẹ̀ ni, wọ́n sì ń tún un tò pẹ̀lú dáṣíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún un. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ gan-an kì í tètè dáwọ́ lé e. Mustang ti wà láti 1964, ṣùgbọ́n 2015 ni Ford tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní sítíárìn ọ̀tún fúnra rẹ̀. Corvette ti wà láti 1953, ìran rẹ̀ kẹjọ ni àkọ́kọ́ tó jáde bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àti tú àti dè ni, wọn kì bá ti dúró tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń ṣe ní kọ̀rọ̀ yàtọ̀. Mo ti rí ọkọ̀ kan ní gáréèjì kan nílé, tí wọ́n fi ṣéènì bíi ti kẹ̀kẹ́ na agbára sítíárìn kọjá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù láti ìhà kan sí ìkejì. Ó ń yí. Mo rí ọ̀pá sítíárìn tí wẹ́dà gé tó sì jó pọ̀. Òun náà ń yí. Àárín ìyẹn àti táyà ni ẹ̀mí ìdílé kan wà, ẹni tó sì ń wà á kò rí ibi tí irin náà ti ń sán. Mi ò ní dárúkọ gáréèjì náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì jẹ́ ọlọ́gbọ́n ọwọ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún. Àmọ́ ọwọ́ ọlọ́gbọ́n kò lè rọ́pò ẹ̀yà tí kò sí. Nílé, òfin ló fipá mú wọn débẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó fipá mú ẹnikẹ́ni, ìdí rèé tó fi ń dùn mí pé ẹnì kan yóò sanwó láti sọ ọkọ̀ tó yè kooro di èyí tó léwu, nítorí òfin tí kò sí.

Ẹni tó bá fi sítíárìn òsì sílẹ̀ bó ṣe wà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń bá a rìn. Ìhà ọ̀tún rẹ̀ ni ibi tí kò ti ní rí dáadáa mọ́. Àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ńlá tó ń ti Yúróòpù wọ Britain ti fi èyí ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjàmbá nígbà tí wọ́n bá ń yà sọ́tùn-ún ní títì márosẹ̀, débi pé wọ́n ti pín gíláàsì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé ọ̀tún fún wọn, kí wọ́n lè rí ọkọ̀ kékeré tó wà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ga tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ díńgí ọ̀tún tó fẹ̀ dára fún un. Kí awakọ̀ má sì sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù bó bá fẹ́ yọ kọjá rẹ̀. Bó bá jìnnà sẹ́yìn díẹ̀, yóò rí iwájú. Ìnṣọ́ránsì lè wọ́n díẹ̀ sí i, nítorí náà kí ó wádìí iye rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní Amẹ́ríkà.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún àbúrò mi. Kò san ìlàjì owó náà. Ó ra iná iwájú méjì, ó ní kí wọ́n de iná kùrukùru kan sí ọ̀tún lẹ́yìn, kí wọ́n sì pààrọ̀ gíláàsì iná ìyàlọ́nà. Ọkọ̀ náà la MOT kọjá ní ẹ̀ẹ̀kejì tó gbé e lọ. Ìgbà àkọ́kọ́, iná kan ń tàn ga jù. Ibì kan ṣoṣo tí sítíárìn òsì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu nísinsìnyí ni ẹnu ibi ìgbọ́kọ̀sí, nítorí ọ̀tún ni ẹ̀rọ tó ń pọ tíkẹ́ẹ̀tì máa ń wà. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó ní ìhà yẹn ló ń na ọwọ́ gbà á.